Kẹ̀kẹ́ Ajùdí

"Fèyíkẹ́! Kí lò ń gbé bọ̀ yẹn?"

Bàbá Fèyíkẹ́ ló pè é. Ọmọ náà ń wá bí yóò ṣe gba ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù wọlé, ohun tó gbé sí èjìká sì ń há mọ́ ọn lọ́tùn-ún lósì. Kẹ̀kẹ́ ni, tàbí ká kúkú sọ pé ohun tó kù lára kẹ̀kẹ́ ni. Kò ní táyà iwájú, awọ ìjókòó rẹ̀ ti ya, ṣéènì rẹ̀ sì ti dípẹtà débi pé kò lè ká mọ́. Nígbà tó gbé e kalẹ̀ sáàárín àwọn fíríìjì tó ń dúró de àtúnṣe, ìpẹtà dà sílẹ̀ lára rẹ̀ bí ata gígún.

"Ọgbà irin àlòkù ni mo ti gbé e, Dádì. Wọ́n fẹ́ẹ́ fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ pọ̀ mọ́ irin yòókù. Mo tọrọ rẹ̀, wọ́n sì fún mi."

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

Ìbéèrè tí Fèyíkẹ́ ń retí gan-an nìyẹn. Ó nu ọwọ́ mọ́ síkẹ́ẹ̀tì ilé ìwé rẹ̀, ó fa fóònù yọ, ó sì gbé fídíò kan síwájú bàbá rẹ̀. Ọmọbìnrin kan ló ń gun kẹ̀kẹ́ nínú fídíò náà, ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ náà kò lọ tààrà bíi ti gbogbo ayé. Bí ọmọ náà bá ti ju ìdí sí ẹ̀gbẹ́ kan báyìí, ìdajì ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ á fì jáde, táyà iwájú á máa gba apá ọ̀tún lọ, tẹ̀yìn á máa gba apá òsì, bí akàn tó ń fẹ̀gbẹ́ rìn.

"Kẹ̀kẹ́ tí a mọ̀, ọrùn kan ló ní, Dádì, níbi tí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ti ń yí. Èyí ní ọrùn méjì. Èkejì wà níwájú ìjókòó. Èèyàn á gé kẹ̀kẹ́ sí méjì, á wá fi ọrùn kẹ̀kẹ́ mìíràn so ó pọ̀. Èmi ti fún un lórúkọ. Kẹ̀kẹ́ ajùdí."

Bísọ́lá, ìyá rẹ̀ onídìrí, tó ń ti òkè sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ gbọ́ orúkọ yìí, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Bàbá rẹ̀, Olúdáre Àbísóyè, kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó da fóònù padà fún ọmọ rẹ̀.

"O fẹ́ gun nǹkan tó ń jùdí káàkiri àdúgbò Jeppestown? Ṣé o ti gbàgbé ọdún tó kọjá ni?"

Kò gbàgbé. Ọdún 2016 ni wọ́n wà yìí. Lọ́dún tó ṣáájú, àwọn ọkùnrin kan mú igi àti irin, wọ́n ń lé àwọn àlejò kiri ìlú Johannesburg. Òun àti àwọn òbí rẹ̀ sá lọ sùn sí gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Mayfair. Nígbà tí wọ́n padà dé, wọ́n bá ilẹ̀kùn irin ṣọ́ọ̀bù tó ti ká bí ìwé, fíríìjì àwọn oníbàárà sì ti lọ. Láti ìgbà náà, òfin kan ṣoṣo ni bàbá rẹ̀ ní: kí ojú má rí wọn. Wọn kì í sọ Yorùbá nínú takisí. Wọn kì í rẹ́rìn-ín sókè lójú títì. Wọ́n á kí ẹni tó yẹ kí wọ́n kí, wọ́n á sì kọjá lọ.

"Bí wọn ò bá rí wa, wọn ò ní rántí wa," ni Olúdáre sọ. "Àlejò ni wá níbí."

"Ẹ̀yin ni àlejò, Dádì. Ìlú yìí ni wọ́n ti bí èmi." Gẹ̀ẹ́sì ni Fèyíkẹ́ fi sọ ọ́, bó ṣe máa ń ṣe bí inú bá ń bí i. "Mi ò mọ ibòmíràn tí mo lè padà sí."

"Yorùbá ni kí o fi bá mi sọ̀rọ̀. Kẹ̀kẹ́ yìí ò gbọdọ̀ jáde. O sì gbọ́, o ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹ̀rọ tí mo fi ń jó irin mọ́ra."

"Mo gbọ́, sà," ni Fèyíkẹ́ wí. Kò sọ pé òun gbà.

Ohun tí kò sọ fún bàbá rẹ̀ ni pé àwọn kan ti fi ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ pè é níjà. Lẹ́yìn ilé iṣẹ́ àtijọ́ kan tó wà nítòsí họ́sítẹ̀ẹ̀lì àwọn òṣìṣẹ́, pápá kan wà tí wọ́n da kọnkéré sí. Ọ̀sán gbogbo ọjọ́ Sátidé ni àwọn ọ̀dọ́ máa ń gun kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ níbẹ̀, tí àwọn àgbà ọkùnrin họ́sítẹ̀ẹ̀lì á sì gbé àga jáde wá wò wọ́n. Sizwe, ọmọ kíláàsì Fèyíkẹ́, ni olórí wọn. Ọjọ́ tí Fèyíkẹ́ ní kí wọ́n jẹ́ kí òun gùn díẹ̀, Sizwe wò ó látòkè délẹ̀.

"Eish, Nàìjíríà," ló wí, "lọ bá màmá rẹ di irun. Bí o bá fẹ́ gùn níbí, lọ ṣe tìrẹ wá. Ọwọ́ ara rẹ ni kí o fi ṣe é."

Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí Olúdáre lọ tún fíríìjì ṣe fún lékíṣọ́rà kan ní Fourways, Fèyíkẹ́ ti ilẹ̀kùn, ó wọ ìbòjú dúdú bàbá rẹ̀, ó sì tan ẹ̀rọ ajórin. Ó ti rí ọrùn kejì lára kẹ̀kẹ́ ọmọdé kan nínú ọgbà irin àlòkù yẹn kan náà, ó rí táyà àti ṣéènì tó ṣì dáa níbẹ̀, ó sì ti fi ayùn irin gé kẹ̀kẹ́ ńlá sí méjì níwájú ìjókòó. Ọjọ́ pẹ́ tó ti ń wo bàbá rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, ó rò pé wíwò náà tó. Iná ń ta pàrà, irin ń yọ́, àpá ibi tó jó wú gúdugùdu bí ojú ẹni tí agbọ́n ta. Lójú tirẹ̀, iṣẹ́ ńlá lòun ṣe.

Ó gbé e lọ sí pápá lọ́jọ́ Sátidé. Kò tíì gùn ún kọjá ìdajì pápá tí ọrùn kejì já gbàù. Apá iwájú lọ níwájú, apá ẹ̀yìn dúró, Fèyíkẹ́ sì fi àgbọ̀n balẹ̀ láàárín méjèèjì. Ẹ̀rín sọ ní gbogbo pápá. Sizwe ló rẹ́rìn-ín pẹ́ jù.

Nígbà tó délé, ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn lọ́rùn aṣọ. Ìyá rẹ̀ ń fi omi gbígbóná nu ojú egbò náà, bàbá rẹ̀ ń rìn lọ rìn bọ̀ láàárín àwọn fíríìjì.

"Ṣé o rí i? Ṣé o ti wá rí i báyìí?"

"Mo rí i, sà."

"Kí lo rí?"

"Mo rí i pé n kò jó o dáadáa. N ó tún un jó."

Bísọ́lá fi ọwọ́ bo ẹnu. Olúdáre lọ ti ẹ̀rọ ajórin mọ́ inú àpótí irin. Ó fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sápò.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Sizwe dá Fèyíkẹ́ dúró nígbà tí wọ́n jáde nílé ìwé. Ohùn rẹ̀ ti rọ̀. Ó ní òun fẹ́ ràn án lọ́wọ́, ó sì mú un lọ sẹ́yìn ilé ìyá rẹ̀ àgbà. Lábẹ́ tapólì kan ló ti fa kẹ̀kẹ́ búlúù kan jáde, kẹ̀kẹ́ tó ń dán, tí táyà rẹ̀ kò tíì jẹ rárá.

"Wo ọrùn rẹ̀," ni Sizwe wí. "Gé e. Máa mú un lọ. Èmi á lo táyà."

Fèyíkẹ́ di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ náà mú, ó yí i. Ọrùn náà yí wọ̀ọ̀ láìdún. Irú rẹ̀ ni kò sí nínú ọgbà irin àlòkù kankan. Ó tún yí i lẹ́ẹ̀kan sí i. Lọ́kàn rẹ̀, ó ti gé e, ó ti jó o, ó ti ń gùn ún lójú gbogbo àwọn tó fi í rẹ́rìn-ín. Ìgbà náà ni ojú rẹ̀ bọ́ sórí okùn wáyà kan tó rọ̀ mọ́ abẹ́ ìjókòó, okùn tí wọ́n fi ń ti kẹ̀kẹ́ mọ́ òpó. Wọ́n ti gé e. Ojú ibi tí wọ́n ti gé e ṣì funfun.

"Ta ló ni kẹ̀kẹ́ yìí?"

"Kí ló kàn ọ́? Ṣé o fẹ́ àbí o ò fẹ́?"

Ó fẹ́ ẹ. Ìyẹn ló mú kí ó nira. Ó yọ ọwọ́ kúrò lára kẹ̀kẹ́ náà bí ẹni pé ó gbóná.

"Mi ò gbà á. Mi ò ní fi ohun tí wọ́n jí ṣe kẹ̀kẹ́ mi."

Ojú Sizwe yí padà. "Ó dáa. Ṣùgbọ́n bí o bá lanu sọ̀rọ̀, gbogbo ilé ìwé ló máa mọ̀ pé impimpi ni ọ́."

Orúkọ tí wọ́n ń pe olófòófó nìyẹn, ẹni tí wọ́n bá sì ti fi pè kò ní rí ẹni bá jókòó mọ́. Àwọn orúkọ tí wọ́n ń pe Fèyíkẹ́ ti tó o. Ó dákẹ́. Kò sọ fún olùkọ́, kò sọ fún òbí. Ó rò pé níwọ̀n ìgbà tí òun kò ti gba kẹ̀kẹ́ náà, ọ̀rọ̀ ti tán.

Ó wá ọrùn mìíràn lọ. Ìyá rẹ̀ ń di irun ní ṣọ́ọ̀bù obìnrin kan tó ń jẹ́ Roseline ní Mayfair. Kẹ̀kẹ́ aláwọ̀ ewé kan wà ní bálíkónì ṣọ́ọ̀bù náà tí kò sẹ́ni tó gùn ún mọ́, táwẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń sá lé e lórí. Fèyíkẹ́ lọ kúnlẹ̀ kí Roseline, ó sì bẹ̀ ẹ́.

"Kẹ̀kẹ́ ọkọ mi àkọ́kọ́ ni," ni Roseline wí, ó ń ṣẹ́jú. "Ọkùnrin náà ò wúlò, kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ò wúlò. Máa bọ̀ ní òwúrọ̀ Sátidé, wá bá mi fọ irun àwọn oníbàárà. Lóṣù tó ń bọ̀, gbé e lọ."

Fèyíkẹ́ fọ irun. Ó fọ ọ́ títí ọṣẹ fi bó ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tí oṣù parí, ó gbé kẹ̀kẹ́ aláwọ̀ ewé lọ sí ilé ìwé, ó sì gbé àjákù tirẹ̀ náà lọ, ó kó wọn síwájú Mís Mokoena, olùkọ́ tó ń kọ́ wọn ní iṣẹ́ irin. Mís Mokoena tẹ jígí rẹ̀ mọ́ imú, ó wo ibi tó ti já.

"Ta ló jó èyí?"

"Èmi ni, Mà."

"Mo rò pé ẹyẹ ló yàgbẹ́ sí i ni." Ó yọ jígí. "Irin kò gbóná wọnú. Òkè nìkan lo jó. Máa dúró lẹ́yìn ẹ̀kọ́ ní ọjọ́rú."

Ìyẹn ni Fèyíkẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ iṣẹ́ náà ní tòótọ́. Ó jó irin tí kò wúlò pọ̀, Mís Mokoena á fi òòlù lù ú, á já, á ní kó tún un ṣe. Nígbà tó wá di ọjọ́ tí òòlù kò já a mọ́, obìnrin náà kò yìn ín, ó kàn na òòlù sí i pé kó fúnra rẹ̀ gbìyànjú. Fèyíkẹ́ lù ú títí apá fi ń ro ó. Kò já. Wọ́n jó ọrùn aláwọ̀ ewé sí ibi tó yẹ, wọ́n fi gírísì sínú rẹ̀, wọ́n so ìdajì méjèèjì pọ̀. Fèyíkẹ́ kun gbogbo rẹ̀ ní ọ̀dà pupa, pupa tó ń kígbe.

Gígùn rẹ̀ tún jẹ́ ẹ̀kọ́ mìíràn. Bí o bá bẹ̀rù, kẹ̀kẹ́ náà á dá ọ nù. Bí o bá fi ọwọ́ darí rẹ̀ nìkan, á dá ọ nù. Ìgbà tí Fèyíkẹ́ jọ̀wọ́ ìbàdí rẹ̀, tó jẹ́ kó máa fì bó ṣe fẹ́, ni kẹ̀kẹ́ náà gbọ́ tirẹ̀. Sátidé tó gùn ún wọ pápá, ó ki eré mọ́lẹ̀, ó ju ìdí sósì, ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ fì jáde wàràwàrà, ó fẹ̀gbẹ́ gba iwájú gbogbo àwọn tó jókòó kọjá, ó sì tún jù ú sọ́tùn-ún. Ariwo sọ. Àwọn àgbà ọkùnrin họ́sítẹ̀ẹ̀lì dìde lórí àga. "Shap, Nàìjíríà! Shap!" ni wọ́n fi ń yìn ín. Sizwe nìkan ni kò pariwo. Ó wọ́ kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó lọ sílé.

Ariwo náà dé etí Olúdáre kí ọmọ rẹ̀ tó délé. Kò lù ú, kò sì bú u. Ó kàn ní, "O ti jẹ́ kí wọ́n rí wa." Ó gun òkè lọ láìjẹun.

Kò pẹ́ sígbà náà tí ìgbìmọ̀ àdúgbò mú Sizwe. Kẹ̀kẹ́ ti ń sọnù léraléra, wọ́n sì bá táyà kẹ̀kẹ́ búlúù kan lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bi í pé iyòókù ńkọ́, ó ní òun ti tà á fún ọmọbìnrin Nàìjíríà tí bàbá rẹ̀ ń tún fíríìjì ṣe, pé ó ti gé e, ó ti kùn ún ní pupa.

Òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé ni wọ́n dé. Baba Khoza, alága ìgbìmọ̀ náà, ló síwájú, ọkùnrin tó tóbi tí ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè. Obìnrin kan tó mú ọmọ rẹ̀ kékeré lọ́wọ́ wà pẹ̀lú wọn, ọmọ náà ló ni kẹ̀kẹ́ búlúù. Sizwe wà láàárín wọn, ó ń wo ilẹ̀. Àwọn tó ń kọjá lọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í dúró.

Olúdáre ti jáde kí wọ́n tó kanlẹ̀kùn. Ó ti pa ọwọ́ pọ̀.

"Ẹ má bínú, Baba. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ọmọdé ni. Ẹ máa gbé kẹ̀kẹ́ náà lọ. A ò fẹ́ wàhálà." Ó yíjú sí Fèyíkẹ́, ó sì bọ́ sí èdè Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n ń sọ nínú yàrá nìkan, ó ní kó gbé e jáde kíákíá, kó sì kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n.

Fèyíkẹ́ gbé kẹ̀kẹ́ náà jáde. Ṣùgbọ́n kò kúnlẹ̀. Ó dúró síwájú rẹ̀.

"Mi ò jí nǹkan kan," ló fi Gẹ̀ẹ́sì sọ. "Mi ò sì ra nǹkan tí wọ́n jí. N kò ní bẹ̀bẹ̀."

"Fèyíkẹ́!"

"Ẹ má bínú, Dádì. N kò ní bẹ̀bẹ̀."

Baba Khoza wò ó. "Ta ló lè jẹ́rìí sí ọ?"

Bísọ́lá ti ń pe Roseline lórí fóònù, kò gbé e. Sátidé ni, ilé ìwé tì, Fèyíkẹ́ kò sì ní nọ́ńbà Mís Mokoena. Kò sí ẹnì kankan. Ó wo ojú gbogbo wọn, ó wo kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wọlé, ó mú ọ̀bẹ tí bàbá rẹ̀ fi ń họ ọ̀dà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í họ kẹ̀kẹ́ náà.

Ó họ ọ̀dà tó fi odindi ọjọ́ kùn. Pupa ń já bọ́ sílẹ̀ ní abala-abala. Ó họ ọrùn kejì, àwọ̀ ewé ló yọ. Ó họ apá iwájú àti ẹ̀yìn, ìpẹtà àti funfun tó ti ṣá ló yọ. Ó yí i padà, ó họ abẹ́ rẹ̀. Kò sí búlúù níbì kankan.

"Mà," ló sọ fún obìnrin náà, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wò ó. Ṣé tiyín ni?"

Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ pa á. Ọmọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Kì í ṣe tèmi."

"Kì í ṣe tiwa," ni ìyá rẹ̀ náà wí.

"Wọ́n gbé tiyín wá fún mi," ni Fèyíkẹ́ wí. "Sizwe ló gbé e wá. Mo di í mú, mo sì fẹ́ ẹ, n kò ní parọ́. Ṣùgbọ́n mo kọ̀ ọ́. Ohun tí mo ṣe tí kò dáa ni pé mo dákẹ́. Ó yẹ kí n ti sọ ọ́ nígbà náà. Ìyẹn nìkan ni mo tọrọ àforíjì fún, ẹ̀yin sì ni mo tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ yín, Mà."

Ẹnì kan láàárín èrò kígbe pé kí wọ́n kúkú gbé kẹ̀kẹ́ náà lọ títí ìwádìí á fi parí, pé àwọn ò mọ àwọn àlejò yìí. Baba Khoza na ọwọ́ sí kẹ̀kẹ́ náà. Fèyíkẹ́ kò kúrò.

"Baba, ẹ lágbára láti gbà á lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n gbogbo àwọn tó dúró síbí ló máa rí i pé ohun tí kì í ṣe tiyín lẹ gbà."

Baba Khoza fa ọwọ́ rẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀, ó sì yíjú sí Sizwe. "Ọmọkùnrin," ló wí, "jẹ́ ká lọ bá ìyá rẹ àgbà." Wọ́n lọ.

Olúdáre ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn.

"Ṣé o fẹ́ kí wọ́n pa wá ni?"

"Dádì, ẹ ní kí wọ́n má bínú. Kí ni mo ṣe fún wọn?"

"Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni! Èèyàn á sọ ọ́, wàhálà á kọjá."

"Kò kọjá lára mi. Ká ní mo jí i ni, ẹ̀bẹ̀ yẹn kan náà lẹ máa bẹ̀. Báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ mọ̀ pé n kò jí i?" Omi ti bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ ò tiẹ̀ bi mí. Àwọn yẹn bi mí léèrè. Ẹ̀yin ò bi mí."

Olúdáre jókòó lórí àpótí kan.

"Lọ́dún tó kọjá, kí a tó sá lọ, mo rí àwọn tí mo tún fíríìjì ṣe fún láàárín àwọn tó ń bọ̀. Mo pè wọ́n lórúkọ. Wọn ò wo ojú mi." Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú. "Mo kàn fẹ́ kí o wà láàyè ni, ọmọ mi."

"Èmi náà fẹ́ wà láàyè, Dádì. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ wà láàyè bí ẹni tó sá pamọ́ sábẹ́ ibùsùn."

Bísọ́lá gbé ọwọ́ lé ọkọ rẹ̀ léjìká. "Ọmọ náà ní ẹ ò bi òun léèrè," ló wí jẹ́jẹ́. "Ẹ dá a lóhùn."

Olúdáre gbé ojú sókè. "Ó yẹ kí n bi ọ́," ló wí. "Jọ̀ọ́, má bínú sí mi."

Fèyíkẹ́ kò kun kẹ̀kẹ́ náà mọ́. Ó gbé e lọ sí pápá lọ́sàn-án ọjọ́ náà pẹ̀lú àpá ọ̀bẹ lára rẹ̀, àwọ̀ ewé, funfun, pupa àti ìpẹtà. Àwọn kan yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nígbà tó dé. Ọmọkùnrin kan sọ "impimpi" kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Fèyíkẹ́ gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kọjá níwájú rẹ̀, ó ju ìdí sí i, ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ sì fì gba etí bàtà rẹ̀ kọjá. Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́.

Ẹ̀ẹ̀kan náà ni ó rí i tí èrò ń yà fún ẹnì kan. Bàbá rẹ̀ ni, nínú aṣọ iṣẹ́ aláwọ̀ eérú, ó ń bọ̀ láàárín pápá ní ọ̀sán gangan. Kò tíì dé ibẹ̀ rí. Ó kí Baba Khoza tó jókòó sórí àga, ó kọjá, ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀kẹ́ náà, ó fi ìka tọ ibi tí irin méjèèjì ti pàdé láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Ta ló kọ́ ọ?"

"Mís Mokoena, sà."

"Hùn." Ó dìde. "Fi bí wọ́n ṣe ń gùn ún hàn mí."

"Ẹ̀yin, Dádì?"

"Ṣé èmi ò ní ìdí ni?"

Ó gun orí rẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀ẹ̀kan, ó tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀ẹ̀kejì, ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ sì fì jáde láìgba àṣẹ. Olúdáre Àbísóyè ṣubú lulẹ̀ gbì níwájú gbogbo họ́sítẹ̀ẹ̀lì.

Fèyíkẹ́ sáré lọ síbẹ̀. Ó bá bàbá rẹ̀ nílẹ̀, ó na gbalaja, ó ń wo ọ̀run, èjìká rẹ̀ ń mì. Ẹ̀rín ni. Ẹ̀rín náà jáde láti inú rẹ̀ wá, ó ga, ó kún gbogbo pápá, ẹ̀rín tí Fèyíkẹ́ kò tíì gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti fọ́ ṣọ́ọ̀bù.

"Yéè! Ọmọ yìí fẹ́ẹ́ fi kẹ̀kẹ́ pa mí o!" Yorùbá ni, ó sì fi gbogbo ohùn sọ ọ́.

"Kí ló wí?" ni Baba Khoza béèrè. Fèyíkẹ́ túmọ̀ rẹ̀, pápá sì bú sẹ́rìn-ín. Baba Khoza fúnra rẹ̀ ló na ọwọ́, tó fa Olúdáre dìde.

"Ọmọ mi ló ṣe é," ni Olúdáre sọ fún un, ó ń gbọn eruku nù. "Ọwọ́ rẹ̀ ló fi ṣe é. Olè kọ́." Kò pa ọwọ́ pọ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Ó tún padà gun kẹ̀kẹ́ náà.

Kì í ṣe pé gbogbo nǹkan dáa láti ọjọ́ náà. Àwọn kan ṣì wà ní àdúgbò yẹn tí kì í dá wọn lóhùn bí wọ́n bá kí wọn, ó sì pẹ́ kí àwọn ọ̀rẹ́ Sizwe tó tún bá Fèyíkẹ́ sọ̀rọ̀ ní kíláàsì. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè pè é ní olè. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka ìtàn yìí, bí wọ́n bá gbé ohun tí ẹ ń fẹ́ wá fún yín ní ọ̀nà tí kò mọ́, ẹ kọ̀ ọ́, kódà bó bá ń wù yín. Bí ẹ bá rí ìwà ibi, ẹ tètè sọ ọ́ fún àgbà tí ẹ lè fọkàn tán, nítorí ìdákẹ́jẹ́ Fèyíkẹ́ ló fún irọ́ Sizwe láàyè. Ẹ bọ̀wọ̀ fún àwọn òbí yín, kí ẹ sì fi ọ̀wọ̀ sọ òtítọ́ fún wọn. Bí ọwọ́ yín bá sì mọ́, níbikíbi tí ẹ bá wà, yálà ìlú yín ni tàbí ìlú onílùú, ẹ má ṣe tọrọ àforíjì fún ohun tí ẹ kò ṣe. Ẹ dúró, kí wọ́n rí yín.